"Àrùn olú inú imú": ẹ̀bi ta ni ìwúlé náà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá "àrùn olú inú imú" fún ìwúlé bárakú inú ihò egungun ojú (sinus, àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó yí imú ká) ṣiṣẹ́ gidi. "Olú" gbà á fún fungus: ohun tó ń mú búrẹ́dì bu àti ohun tó ń fa làpálàpá, ìdílé kan náà ni wọ́n. "Bárakú" náà bá a mu, torí ó gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 12 kí dókítà tó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí di ẹ̀bi ru olú nìkan.

Ní 1999, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Minnesota, Amẹ́ríkà, wá olú nínú ikun imú aláìsàn 210. Wọ́n rí i lára 202. Wọ́n yẹ ènìyàn 14 tí ara wọn dá wò, gbogbo wọn ló ní in. Èémí ló ń gbé e wọlé. Lára èósínófíìlì, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ fi aró eosin kun ikun aláìsàn, ẹ gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù: àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á pọ́n, wọ́n á ṣùjọ yí fọ́nrán olú ká. Èròjà olóró tí wọ́n ń tú síbẹ̀ ló ń bó awọ fẹ́lẹ́ inú imú.

Nítorí náà n kò fara mọ́ "àìlágbára àjẹsára" (pé agbára ara láti bá àrùn jà kò tó) tí ẹlòmíràn mú wá. Ara ń ṣe àṣejù ni. "Àjẹsára" sì jẹ́ ohun tí a jẹ sí ara, ó yẹ abẹ́rẹ́. Kò yẹ ohun tí a bí mọ́ni. Mo dábàá "ìgbèjà ara": ẹni tó ń gbèjà wa lè fọ́ ìkòkò wa níbi ìjà. Àìsàn yìí á wá jẹ́ "ìwúlé àṣejù ìgbèjà".

Orúkọ ń darí ọwọ́ sí oògùn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2006, aláìsàn 116 fọ imú fún oṣù 3, mìlílítà 25 sí ihò imú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Omi àwọn kan ní amphotericin B tó ń pa olú, ti àwọn yòókù kò ní. Àwọn tó lo oògùn kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ gbà pé olú ló ń ru gbogbo rẹ̀ sókè.

Ẹ jẹ́ kí a fi "àrùn olú" sílẹ̀ fún èyí tí olú fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹran àti egungun ojú, bí ó ti ń ṣe àwọn alátọ̀gbẹ tí ṣúgà wọn ti kọjá ààlà. Ìyẹn ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ kíákíá.

Ẹ má sì gé "ihò egungun ojú" kúrú sí "ihò ojú". Ibi tí ẹyinjú wà nìyẹn.