Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ra bọ́ńkà ológun rí ní UK?

Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ ra bọ́ńkà ROC kan (Royal Observer Corps, àwọn tó ń ṣọ́ ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá bú sí) tí wọ́n ti pa tì láti 1991, abẹ́ ilẹ̀ ló wà nínú oko kan, mo fẹ́ sọ ọ́ dilé. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

— Bọ̀dá mi, omi ni o! Mo ti wọ ọ̀kan rí, àkàbà irin lẹ máa bá sọ̀kalẹ̀ bíi ẹsẹ̀ bàtà 14, omi mù mí dé kókósẹ̀, gbogbo ògiri ń làágùn, bẹ́ẹ̀ èèyàn 3 péré ni wọ́n kọ́ ọ fún.

— Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ ní káńsù, kẹ́ ẹ sì bèèrè ẹni tó ni ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà dé ibẹ̀.

— Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ tójò bá rọ̀ ni mà á lọ wò ó.