Ẹ sọ ìrírí yín: ẹ tún openssl.cnf ṣe, àmọ́ nǹkan kan ò yí padà

Ọmọ Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká kó ìrírí wa jọ lórí ọ̀rọ̀ openssl.cnf, fáìlì config tí a fi ń tò OpenSSL, ìyẹn library (àkójọ kóòdù) tí àwọn ètò ń lò láti ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíì má bàa kà á. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wá bá mi ní Under-G kì í yé bi mí nípa rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń rí kà kì í ju "lẹ ìlà yìí mọ́ ọn" lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ló ránṣẹ́ pè mí. Fáìlì .p12 kan, tí kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ẹ̀rí (certificate) wọn wà nínú rẹ̀, ni ètò wọn fi ń wọlé síbi tí àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà. Wọ́n gbé server wọn bọ́ sórí Ubuntu 22.04, bí fáìlì náà ṣe kọ̀ tí kò ṣí mọ́ nìyẹn. Ohun tó ń kọ síta ni "digital envelope routines::unsupported". OpenSSL 3.0 ló wà nínú Ubuntu yẹn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ló jáde, òun ló sì kó àwọn ọgbọ́n ìdáàbòbò àtijọ́ bíi RC2, RC4 àti MD4 sínú ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ legacy provider, ẹ̀ka tí kì í ṣí àyàfi téèyàn bá ní kó ṣí. RC2 oníbíìtì 40 ni wọ́n fi ti .p12 wọn pa.

Arákùnrin tó ń tọ́jú server náà mọ gbogbo ìyẹn. Ó ti kọ ohun tó yẹ sínú /usr/local/ssl/openssl.cnf, ó tún server tàn, pàbó ló já sí. Mo ní kó tẹ `openssl version -d`, tó ń sọ fódà tí OpenSSL ń wá fáìlì rẹ̀ sí. Èsì tó jáde ni /usr/lib/ssl. Ní Debian àti Ubuntu, openssl.cnf tó wà níbẹ̀ kàn ń tọ́ka sí /etc/ssl/openssl.cnf ni. Ẹnì kan ló ti fọwọ́ compile OpenSSL mìíràn (ó kọ́ ọ láti orí kóòdù rẹ̀) sórí ẹ̀rọ náà nígbà kan, ìyẹn ló fi fódà /usr/local/ssl sílẹ̀. Fáìlì tí arákùnrin yìí ń tún ṣe látàárọ̀, ètò wọn ò kà á rárá. Bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú ẹ̀ ni.

A tọ́jú ẹ̀dà èyí tó wà nínú /etc/ssl, a wá fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ náà, kò yí padà. Ibi tó ká mi lára jù nìyí, torí library ò sọ ohunkóhun. Ìlà `openssl_conf = openssl_init` ló bọ́ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn abala kan tó ti ní akọlé nínú àkámọ́ onígun. Òkè pátápátá ló yẹ kí ìlà yẹn wà, kí akọlé kankan tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wọ abẹ́ akọlé, ó ti di ti abala yẹn, library ò sì ní wá a débẹ̀. Kò ka èyí sí àṣìṣe, torí náà kò sí bó ṣe máa pariwo. A gbé e lọ sókè, a tẹ `openssl list -providers`, legacy yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ default (ẹ̀ka tí àwọn ọgbọ́n tí à ń lò lójoojúmọ́ wà), .p12 ṣí.

Àwọn àṣìṣe mìíràn wà tó yẹ kó pariwo lé lórí, àmọ́ tó bá jẹ́ library fúnra rẹ̀ ló ń ka fáìlì náà nígbà tí ètò ń bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń gbé wọn mì. Ní 3.0, ẹ kọ `config_diagnostics = 1` sókè níbẹ̀, ẹ ó rí ohun tó ń fi pa mọ́.

Ìyá Ìbejì, Owódé Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ní tèmi, fáìlì tó tọ́ ni, ó sì kà á dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ilé ìwé kan ni, wọ́n ń lo ètò tó ń gbé èsì ìdánwò jáde. Ẹnì kan ti lẹ legacy mọ́ fáìlì náà, ó kọ `activate = 1` sábẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Àmọ́ lábẹ́ `[default_sect]`, àmì #, tó ń mú kí OpenSSL fo ìlà, ṣì wà níwájú `activate = 1` bó ṣe bá a. Tí ẹ ò bá dárúkọ provider kankan, default máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ ti ní kí ẹyọ kan ṣí báyìí, àwọn tí ẹ ní kó ṣí nìkan ni yóò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni server ọ̀hún ò ṣe rí SHA-256, ọgbọ́n tí HTTPS nílò, lò mọ́. HTTPS kú, ètò èsì kú, àwọn òbí ń pe fóònù lọ́tùn-ún lósì.

Ohun tó dùn mí ni pé ìkìlọ̀ yìí wà nínú openssl.cnf gan-an, lókè ìlà yẹn. Ó ní ó lè débi pé èèyàn ò ní lè wọ ẹ̀rọ náà láti òkèèrè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka àwọn ìlà tó ní # níwájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Node 17 (ètò tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́) ló gbé tèmi dé: ERR_OSSL_EVP_UNSUPPORTED, torí webpack 4, tó ń di kóòdù ìkànnì pọ̀, ń lo MD4. Gbogbo ènìyàn ní kí n lo `--openssl-legacy-provider`. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ń tún /etc/ssl/openssl.cnf ṣe, bẹ́ẹ̀ Node ní OpenSSL tirẹ̀ nínú. Láti Node 18, abala `nodejs_conf` ni Node ń wá, kì í wá `openssl_conf`. Webpack 5 ni mo bọ́ sí.

Bàbá Aróje

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ fi èyí kún un: OPENSSL_CONF, tó ń sọ ibi tí openssl.cnf wà, tí ẹ export nínú terminal kò dé ọ̀dọ̀ ètò tí systemd (èyí tó ń tan àwọn ètò lórí Linux) ń gbé dìde. Inú fáìlì service rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, pẹ̀lú `Environment=`. Ètò tó bá sì jẹ́ setuid (tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára ẹni tó ni ín, kì í ṣe ti ẹni tó pè é) kò ní ka OPENSSL_CONF rárá, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìdí tó fi yẹ ni pé fáìlì yìí lè ní kí library gbé kóòdù wọlé. Ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé curl (ètò tó ń gbé fáìlì láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì) orí Windows ń wá openssl.cnf lọ sínú C:\usr\local\ssl. Fódà yẹn kì í sábà sí lórí Windows, ẹnikẹ́ni tó sì ní àkáǹtì lórí ẹ̀rọ lè dá a sílẹ̀. Yóò fi config síbẹ̀ tó ń pe DLL (fáìlì kóòdù) tirẹ̀, kóòdù rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára ẹlòmíì. CVE-2019-5443 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún àléébù náà. Wọ́n ti tún un ṣe, àmọ́ mo ṣì ń bá openssl.cnf pàdé lórí server àwọn èèyàn tí àṣẹ rẹ̀ jẹ́ 777, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Root (alábòójútó ẹ̀rọ) nìkan ni kó lè kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Owódé Ọ̀yọ́

Ọmọ Tákíé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn wá ńkọ́? Ṣé legacy ṣì wà ní ṣíṣí níbẹ̀ ni?

Ọmọ Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

Rárá o, ìyá. Owó àwọn ọlọ́jà ni, mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fáìlì .p12 kan ṣoṣo kò tó kí gbogbo ètò orí server máa lo RC2 àti RC4. A fi `openssl pkcs12 -legacy -in atijo.p12 -noenc -out igba.pem` tú u, a wá fi `openssl pkcs12 -export -in igba.pem -out tuntun.p12` dì í padà. AES-256, ọgbọ́n ìtìpa òde òní, ni 3.0 fi ń dì í. Nínú igba.pem, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìhòhò, nítorí náà a fi `shred -u` pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà la dá openssl.cnf àtijọ́ padà, ètò wọn sì ń ka tuntun.p12 láìsí legacy.