Akórègi, agégi, adáṣiṣẹ́: èwo ló bá ẹ̀rọ yẹn mu?

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé lórí iṣẹ́ igi gígé ní Finland béèrè ohun méjì: orúkọ wo la máa pe ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gé igi níbẹ̀, àti pé ṣé ó tọ̀nà láti kọ ọ́ pé "ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agégi"? Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "ẹ̀rọ agégi" ti tó. Ẹlòmíràn mú "akórègi" wá, àwọn kan sì ní òyìnbó ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, torí "harvester" (akórè) ni òyìnbó ń pe ẹ̀rọ náà. Bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. "Adáṣiṣẹ́" ló wà lókè.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ọkọ̀ ni, ẹsẹ̀ táyà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, awakọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Apá irin gígùn kan á nà jáde, ohun tó wà lẹ́nu apá náà á gbá igi páìnì mú nídìí, ayùn inú rẹ̀ á gé e. Bí igi bá ti dùbúlẹ̀, irin tó ń yí á máa fà á gba àárín àwọn ọ̀bẹ tó ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dànù, kọ̀ǹpútà á máa wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, á sì sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé e sí ìtì kó lè pawó jù lọ. Gbogbo èyí lè má tó ìṣẹ́jú kan.

Ta ló wá yan igi náà? Awakọ̀ ni. Ta ló mọ ìhà tó yẹ kó wó sí? Awakọ̀ yẹn náà ni. Ibo ni "dá" ti wá wọlé? Ẹni tó dá jẹun kò pe ẹnìkejì sídìí àwo. Bí èèyàn bá ṣì wà lórí ìjókòó, iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ ṣe ni, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ dá ṣe. Mo fara mọ́ "ìfẹ̀rọṣe" fún un. Ní New Zealand, níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ̀ débi pé ọkọ̀ lè yí gbiiri, wọ́n ní ẹ̀rọ ìgégi tí awakọ̀ ń darí láti ibi tó jìnnà. Ìyẹn náà kò dá ṣe nǹkan kan. "Atòkèèrèdarí" ló yẹ ẹ́. Àwọn olùwádìí ní Sweden sì ń dán ọkọ̀ akógẹdú tí kò ní awakọ̀ wò. Èyí nìkan ni "dá" tọ́ sí, èmi ì bá sì pè é ní "adápinnu" ju "adáṣiṣẹ́" lọ, torí ìpinnu gan-an ni ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀. Agbára apá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ tipẹ́.

Ẹnìkan á ní àwọn oníròyìn ti ń lo "adáṣiṣẹ́". Fún ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò burú. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti kan oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí.

"Ẹ̀rọ agégi" kò ní àbùkù nínú gírámà. Àfòmọ́ a- yìí ń sọ èèyàn lórúkọ (akọ̀ròyìn), ó ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ (amúlétutù). Kò kàn bá gbólóhùn yìí mu ni, torí agégi méjì á pàdé nínú rẹ̀.

"Akórègi" ni tèmi, ibi tí wọ́n sì ti bú u gan-an ni mo ti rí ẹwà rẹ̀. Ohun tí a gbìn, tàbí tí a tọ́jú bí oko, là ń kórè. Àwọn igi Finland tí ẹ̀rọ yìí ń gé kò yàtọ̀ sí irè oko: ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dúró ṣánṣán. Nílé níbí, igi mẹ̀láínà (Gmelina) nìyẹn, tí ìjọba gbìn sínú igbó Omo àti igbó Olúwa kí ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Iwopin lè rí igi lò. Akórègi lè wọ ibẹ̀ lọ́la.

Ta ló gbin ìrókò? Ẹ wo ọpuréétọ̀, agégi tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, nídìí rẹ̀. Á yí i po, á gbójú sókè wo ìtàkùn tó so orí rẹ̀ mọ́ igi mìíràn, torí ìtàkùn yẹn lè fa òmíràn lé e lórí. Á kọ́kọ́ ṣán ọ̀nà tí yóò sá gbà. Á gé ẹnu sí ìhà tó fẹ́ kó wó sí, á wá bọ́ sẹ́yìn, kò sì ní gé e tán. Á ṣẹ́ díẹ̀ kù láàárín tí igi á fi tẹ̀ lọ síbi tó fẹ́. Bó bá ti gbọ́ "kàà", ó ti sá. Ìtì tó tóbi tó báyìí kì í wọ ẹnu akórègi. Nítorí náà, inú oko igi ni ẹ̀rọ á ti kọ́kọ́ gbaṣẹ́. Ti igbó ṣì jìnnà. Kì í sì í ṣe gbogbo agégi ni yóò sunkún: ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, nǹkan bí 100 òṣìṣẹ́ ìgégi ló kú sẹ́nu iṣẹ́ nínú 100,000. Tí a bá da gbogbo iṣẹ́ pọ̀, kò tó 4.

Ẹni tó ní èdè wa kò lè kápá irú ọ̀rọ̀ báyìí, kó lọ wo ìwé àwọn tó ń ta pákó káàkiri ayé: ìrókò, ìdígbó àti àfàrà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ o, ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá dé Omo, katapílà ni wọ́n máa pè é, kò sẹ́ni tó máa bi wá.

Àbúrò mi, kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀rọ akórègi ti dín iye agégi kù nínú oko páìnì, ṣùgbọ́n awakọ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀." Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ àti Oǹdó tí ẹ ní onígẹdú nílé, ẹ bá wa béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe díẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ kù láàárín igi yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìtumọ̀ náà máa nílò rẹ̀.