Kí ni wọ́n fi ń pín wa sí ẹgbẹ́ iwájú àti ẹgbẹ́ ẹ̀yìn nínú eré kẹ̀kẹ́ orí òkè àti eré ẹsẹ̀ inú igbó?

Akin_Denver
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè àti àwọn tó ń sáré inú igbó wà níbí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo forúkọ sílẹ̀ fún eré kẹ̀kẹ́ kan níbí ní Colorado, ìyàwó mi náà forúkọ sílẹ̀ fún eré ẹsẹ̀ orí òkè, kìlómítà 50. Ìméèlì wọlé lánàá, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn pátápátá ni mo máa bá jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ máa ń gùn ún ní Sátidé, tí mo máa ń fi sílẹ̀ tá a bá ti kọjú sí òkè, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n fi òun sí. Ti ìyàwó mi tún yàtọ̀, wọ́n ní kó fúnra ẹ̀ kọ iye wákàtí tó máa fi parí ẹ̀. Kí ni wọ́n ń wò gan-an? Ṣé ọjọ́ téèyàn forúkọ sílẹ̀ ni, ṣé owó ni, àbí ó lójú ẹni tí wọ́n mọ̀? Ṣé èèyàn sì lè ní kí wọ́n gbé òun síwájú díẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Bọ̀dé
Akin, o kú ìmúra o. Kò kan owó, kò sì kan ọjọ́ tó o forúkọ sílẹ̀. Rẹ́súlùtì ni wọ́n ń wò, èyí tó wà lákọsílẹ̀ níbi tí àwọn náà ti lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bi ọ̀rẹ́ rẹ yẹn léèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó ti gun eré kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ àkókò ẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ò ń fi í sílẹ̀ ní Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ̀.

Leadville ò jìnnà sí ẹ, fi ìyẹn wò ó. Eré kẹ̀kẹ́ máìlì 100 ni, wọ́n ti ń ṣe é láti 1994, ìlú yẹn fúnra ẹ̀ sì ga ju 3,000 mítà lọ, kéèyàn tó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kankan. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín àwọn èèyàn síbẹ̀, wọ́n ń pè é ní corral, White ló sì wà lẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹni tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní rẹ́súlùtì kankan lọ́wọ́ sí. Ẹni tó bá ti parí ẹ̀ rí, àkókò tó fi parí ẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí, ó lè lọ gun ọ̀kan nínú àwọn eré kéékèèké tí wọ́n fi ń yan èèyàn wọlé, tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní White.

Ìdí tí gbogbo ẹ̀ fi ṣe pàtàkì ni bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹni tó bá ti sá Lagos City Marathon mọ̀ pé títì fẹ̀, tó o bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wàá yà sọ́tùn-ún, wàá yà sósì, wàá kọjá wọn lọ. Lórí òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Leadville, orí títì ọ̀dà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, gbogbo èèyàn ń sáré bí ẹní máa kú, kò pẹ́ wọ́n á bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, wọ́n á wá kan òkè kan tí wọ́n ń pè ní St. Kevins. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ojú ibi tí táyà lè gbà kò fẹ̀, òkúta wà nílẹ̀, tí ẹnì kan bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀ níwájú rẹ ìwọ náà máa sọ̀kalẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á sọ̀kalẹ̀, bó ṣe máa ràn dé ẹ̀yìn nìyẹn, ẹ ó wá máa ti kẹ̀kẹ́ gun òkè tí ẹsẹ̀ yín lágbára tó láti gùn. Wákàtí 12 ni wọ́n fún èèyàn kó tó gba ìdè bẹ́líìtì tí gbogbo wọn ń tìtorí ẹ̀ wá, ẹni tó bá parí kí wákàtí 9 tó pé ló ń gba ńlá. Ẹni tó ń lé wákàtí 9, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó sọnù lórí St. Kevins lè dá a dúró.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kó o lọ kà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ: ṣé ìgbà tí ìbọn bá dún ni wọ́n ti máa ka àkókò rẹ, àbí ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ bá kọjá lórí máàtì tó ń ka àkókò níbi ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbọn, ìdúró tó o dúró lẹ́yìn ti wọ inú àkókò rẹ nìyẹn, ó sì yẹ kó o jà fún ibi tó dáa. Tó bá jẹ́ máàtì, ara lè tù ẹ́ díẹ̀, ìdíwọ́ ojú ọ̀nà nìkan ló kù.

Kọ́lá_Sheffield
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Kí n fi ti àwọn tó ń fi eré yìí jẹun kún un. Ní World Cup ti XCO, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ń yípo ojú ọ̀nà kan náà, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń tò sórí láìnì kan, wọ́n ń pè wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, póìǹtì tí kálukú ní lọ́dọ̀ UCI, àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Láti 2018 wọ́n ti fi eré kúkúrú kan tó ń jẹ́ XCC sí i, bí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí ni, ohun téèyàn bá sì ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi ń yan àwọn tó máa wà ní láìnì iwájú nínú eré ńlá. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò kàn ń pẹ́ nìkan o. Tí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ àti ẹni tó ń ṣe kìíní bá ti tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí ẹni yẹn fi yípo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kó jáde, ó parí.

Èèyàn sì lè ti ẹ̀yìn wá o! Tom Pidcock, Òlíḿpíìkì Tokyo, July 2021. Eegun èjìká ẹ̀ ti kán ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, póìǹtì ẹ̀ ò sì pọ̀, láìnì kẹrin ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó yípo mélòó kan ó ti bá àwọn aṣáájú, ó sì gba góòlù, Mathias Flückiger ṣe èkejì. Mo ṣì máa ń wo ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn, bó ṣe ń wá àyè láàárín èjìká àwọn èèyàn láì fi ìbínú gun kẹ̀kẹ́. Akin, ohun tí màá ní kó o kọ́ nìyẹn ju kó o máa rojọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ẹ́ sí.

Ti downhill, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, ni wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó yá jù nínú ìdánwò ló ń gbẹ̀yìn. Àǹfààní wà níbẹ̀, ó ti mọ àkókò tó fẹ́ fọ́, ṣùgbọ́n tí òjò bá dé lọ́sàn-án, àwọn tó dáa jù ló máa wọ ẹrẹ̀. Champéry ní Switzerland, 2011, òjò ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀ yọ́bọ́yọ́bọ́, Danny Hart sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ gbẹ, ó fi sẹ́kọ́ńdì tó ju 11 lọ ṣáájú ẹni tó ṣe èkejì, ó sì gba ìdíje àgbáyé (World Championships). Ẹ lọ wo fídíò ẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́_NY
Ti ìyàwó rẹ lèmi fẹ́ dáhùn, torí eré ẹsẹ̀ inú igbó lèmi ń sá. Nọ́ńbà méjì ló gbajúmọ̀. ITRA, àjọ eré ẹsẹ̀ inú igbó lágbàáyé, ní tiẹ̀, UTMB, àwọn tó ń ṣètò eré ńlá tó yí òkè Mont Blanc ká, náà ní tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UTMB Index. Kì í ṣe àkókò rẹ nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n ń wo bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó àti bó ṣe ga tó, torí wákàtí mẹ́fà lórí kìlómítà 50 tó tẹ́jú kì í ṣe ẹgbẹ́ wákàtí mẹ́fà lórí àpáta. Ti ITRA, 1,000 ni òkè ẹ̀, àwọn ọkùnrin tó dáa jù lágbàáyé máa ń lé díẹ̀ ní 900. Rẹ́súlùtì márùn-ún tó dáa jù láàárín oṣù 36 ni wọ́n ń lò, nítorí náà èyí tó ti pẹ́ máa ń jáde fúnra ẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ga ni wọ́n ń kó síwájú.

Àwọn eré kan wà tó jẹ́ pé wákàtí ni wọ́n fi ń ya èèyàn sọ́tọ̀. Sierre-Zinal ní Switzerland, kìlómítà 31, láti 1974: ìdájí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní touriste ń gbéra, àwọn tó ń díje gan-an ń tẹ̀ lé wọn tí ilẹ̀ bá mọ́. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gidi gan-an, torí ẹni tó ń rọra lọ rí ọ̀nà lò, ó sì tún máa rí àwọn akọni bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti ní kéèyàn kọ ọ́ fúnra ẹ̀, kí ìyàwó rẹ kọ òótọ́. Tó bá kọ wákàtí tó kéré jù, àwọn tó yára á máa kígbe lẹ́yìn ẹ̀ kó yà fún wọn, á sáré ju agbára ẹ̀ lọ ní kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́. Tó bá fi ìtìjú kọ èyí tó pọ̀ jù, á dúró sẹ́yìn àwọn tó ń rìn. Àwa obìnrin la sì máa ń ṣe èkejì yìí jù, mo ti rí i lójú mi.

Ọmọ_Abẹ́òkúta
Ẹ má bínú o, gbogbo nọ́ńbà yìí dáa, ṣùgbọ́n àwa tá a wà nílé ńkọ́? Èèyàn lè máa gun Olúmọ, kó máa sáré lórí òkè Ìdànrè láràárọ̀, kò ní ní póìǹtì kankan torí kò sí eré tó wà nínú ètò wọn nítòsí. Tó bá wá dé òkè òkun, ẹ̀yìn ni. Kò dára tó lójú mi.

Mọrẹ́nikẹ́_NY
Òótọ́ lẹ sọ, ó sì ń dun èmi náà. Àwọn ará South Africa ló ní ọ̀nà tó súnmọ́, wọ́n ní Ultra-Trail Cape Town níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan ti tó iṣẹ́. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kéèyàn kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò, kó sọ rẹ́súlùtì eré ojú títì tó ní. Àwọn kan máa ń gbà á, pàápàá jù lọ tó bá jẹ́ máráfọ́ọ̀nù tí àkókò ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Akin_Denver
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti yé mi báyìí. Mo ní rẹ́súlùtì kan láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kẹ̀kẹ́ náà ni, kìlómítà 60, mi ò fi sínú fọ́ọ̀mù torí mi ò mọ̀ pé wọ́n nílò ẹ̀. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Ẹ̀gbọ́n_Bọ̀dé
Kò pẹ́. Wo ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa ti ìwé náà pa, kọ ìméèlì sí wọn ṣáájú ẹ̀, fi líǹkì ojú-ewé tí orúkọ rẹ wà sí i, sọ ipò tó o ṣe àti iye èèyàn tó gùn ún. Má kọ ìtàn gígùn. Tí wọ́n bá ní rárá, tètè dé lọ́jọ́ náà kó o dúró síwájú pátápátá nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ẹ́ sí, torí nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú ibi tó wù ú.