"Owó-orí epo" wo ni à ń wí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Mo ti fara balẹ̀ ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́, èyí tí ó sọ bí ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ṣe ń pín owó tí ó ń rí lórí epo sí ọ̀nà ṣíṣe àti owó ìpamọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kò jẹ́ kí n sinmi: "owó-orí epo", "ìṣákọ́lẹ̀ epo" tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kejì, àti "àpò ọjọ́ òjò", ìyẹn owó tí ìjọba ń pamọ́ de ìgbà ìṣòro, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọjọ́ òjò ṣàpèjúwe.

"Owó-orí epo" ni ó le jù, nítorí pé ohun méjì ni ó ń pè ní orúkọ kan. Àbúrò mi tí ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Houston ka ìtumọ̀ náà, ó sì bi mí bóyá owó tí òun ń san nídìí páǹpù ni wọ́n ń sọ. Mo ní rárá. Owó ìdí páǹpù, sẹ́ǹtì 20 lórí gálọ́ọ̀nù bẹntiróò kan, kò yí padà láti ọdún 1991, ẹni tí ó ń wakọ̀ ni ó sì ń ru ú. Owó tí àpilẹ̀kọ náà dá lé lórí, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wa epo rọ̀bì jáde nínú ilẹ̀ ni ó ti ń wá: ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí epo náà tó lọ́jà, àti ìdá 7.5 lórí gáàsì. Bí àgbá epo kan bá ń lọ ní dọ́là 70, dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 22 ni ti ìpínlẹ̀ níbẹ̀. Owó ìdí páǹpù kò ká ẹrù ọ̀nà mọ́, pàápàá bí ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, ni àwọn olùdìbò Texas ṣe fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 pé kí apá kan owó kejì yìí máa bọ́ sí àpò òpópónà. Bí a bá wá pe méjèèjì ní orúkọ kan, ìdí tí wọ́n fi dìbò gan-an ni a ti bò mọ́lẹ̀.

"Ìṣákọ́lẹ̀" dùn létí, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa látọjọ́. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni à ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Ní Texas, àwọn aládàáni ni ó ni púpọ̀ nínú epo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ń wa epo náà sì ní ìpín tí ó gbọ́dọ̀ san fún wọn. Ìpín yẹn gan-an ni ìṣákọ́lẹ̀ bá mu wẹ́kú. Ohun tí ìjọba ń gbà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó-orí ni. Ní Nàìjíríà, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti ni gbogbo epo abẹ́ ilẹ̀, onílẹ̀ àti ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà lẹ́nu wa, mo sì rò pé ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wọlé.

Ẹlòmíràn dábàá "owó-orí ìgékúrò", nítorí pé ọ̀rọ̀ gígé ni Gẹ̀ẹ́sì fi pè é ("severance tax"). Èmi kò gbà á. A kì í gé epo. Àgbẹ̀ ń wa iṣu, ilé-iṣẹ́ ń wa epo. "Owó-orí ìwapo" ni kí a lò, kí a sì fi "owó-orí ìwakùsà" sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá kó èédú àti wúrà mọ́ ọn.

Ní ti "àpò ọjọ́ òjò", ojú ọ̀run ni àgbẹ̀ wa ń wò fún òjò. Ọ̀dá ni ó ń bà á lẹ́rù. Texas dá àpò náà sílẹ̀ ní ọdún 1988, lẹ́yìn tí iye epo já wálẹ̀ tí owó ìjọba sì gbẹ. Aká, ibi tí àgbẹ̀ ń kó irè oko pamọ́ sí, ni èyí. Aká tí mo mọ̀ lóko bàbá mi, orí òpó mẹ́rin ni ó dúró lé. Èéfín iná tí à ń dá sábẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò wọ àgbàdo, ọmọdé kankan kò sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí i láìjẹ́ pé àgbà rán an. Bákan náà ni ti Texas: bí kò bá ṣe láti dí àlàfo ìṣúná, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tí ó wà níjòókòó ní ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣí i. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò rí aká rí, ṣùgbọ́n "owó ìpamọ́" lásán kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbà ìkórè ni a kó o jọ.

Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ìpínrọ̀ kejì lè kà báyìí: "Nínú dọ́là 100 tí owó-orí ìwapo bá fi ju ohun tí ó wọlé ní ọdún 1987 lọ, dọ́là 75 ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀, bákan náà ni wọ́n sì ń ṣe sí ti gáàsì. Ó kéré tán, ìdajì rẹ̀ a lọ sínú aká ìpínlẹ̀, ìyókù a bọ́ sí àpò òpópónà. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ ná ti òpópónà yìí sórí ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó ibodè."