Ẹ̀ka wo ni kí n fi tarsier sí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, mo sì ń ya àwòrán bí ọ̀bọ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe tan mọ́ra. Lemur, ẹranko Madagásíkà tó jẹ́ ìbátan ọ̀bọ, kò le: imú rẹ̀ tutù bíi ti ajá, òun àti galago, ẹranko kékeré tó ń jẹ̀ lóru nínú igbó tiwa níbí (èyí tí àwọn kan ń pè ní egbére, ẹ má rẹ́rìn-ín), wà ní ẹ̀ka kan náà.

Tarsier ti Filipínì, ẹranko kékeré olójú ńlá tó ń jẹ̀ lóru, ló dà mí láàmú. Ìwé àtijọ́ kó o mọ́ lemur. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ kì í sì í kọ yanran bí tiwọn tí a bá tan iná sí i lóru. Ọ̀dọ̀ ọ̀bọ àti àwa ènìyàn ló sún mọ́ jù.

Báwo lẹ ṣe máa ń ṣàlàyé èyí fún ọmọ tó bá rí ojú ńlá yẹn, tó ní, "Sà, lemur mà nìyí"?