Ẹ gbà mí o: omi San Luis, ká gbé e ni àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Fresno): Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ gbà mí! Àjọ omi tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní omi èṣí tó ṣẹ́kù ní San Luis, adágún tí wọ́n ń tọ́jú omi sí ní California. Ìpín omi ọdún tuntun tí ìjọba California kéde lóṣù Kejìlá kò tó nǹkan. Ọ̀gá ní kí n mú àbá wá lọ́jọ́ Ajé: ká gbé e báyìí, àbí ká tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn? Oorun ti dá lójú mi.

Bọ̀dá Ìlódè (Bakersfield): Ẹ gbé e! Ìparí 2022 ló kọ́ àwa lọ́gbọ́n. Wọ́n ní 5% omi tá a béèrè la máa gbà ní 2023, la bá di omi àjẹṣẹ́kù mú bí Ọ̀ṣómàáló ṣe ń di onígbèsè mú. Òjò oṣù Kìíní dé, yìnyín bo òkè Sierra. Nígbà tí adágún kún, omi àjẹṣẹ́kù ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí èyí tó ṣàn lọ. Lóṣù Kẹrin, ìpín ti di 100%. Owó wa bómi lọ.

Ọmọ Ọbòkun (Sacramento): Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Ọ̀ṣómàáló sílẹ̀ o 😂 Pé ẹ di omi mú kì í ṣe àṣìṣe. Ìpín ọdún 2022 fúnra rẹ̀, 5% ló parí sí. Lọ́dún 2015, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin tí wọ́n lọ wọn yìnyín ní Phillips lórí òkè Sierra, kò sí yìnyín rárá, orí koríko ni gómìnà dúró sí! Ta ló rí ìyẹn tí ò ní ṣahun?

Bọ̀dá Ìlódè: Kern, níbi tí wọ́n ń tọ́jú omi sábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ dà á síbẹ̀ kó rọ wọlẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò mọ̀ pé adágún kún.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹni tó bá ti bá wọn ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Tí òjò bá dé, gbogbo ayé ló ń wá àyè ní Kern.

Àǹtí Sadé (Yuba City): Tí wọ́n bá ṣí ìsédò Oroville lóṣù Kejì, ẹ má pariwo pé wọ́n ń fi omi ṣòfò. Àyè tí àgbàrá òjò máa wọ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ojú ọ̀nà omi ibẹ̀ fọ́ ní 2017, àwa tí wọ́n ní ká sá lé ní 180,000. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ dé Chico.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ṣé kí n wá kọ ìdajì-ìdajì ni?

Kọ́lá LA: Los Angeles ò fi gbogbo ara bá yín sí wàhálà yìí, àwa ní omi àfonífojì Owens pẹ̀lú.

Àǹtí Sadé: Omi olómi tẹ́ ẹ ti ń mu láti 1913!

Kọ́lá LA: San Francisco tó sé omi àfonífojì Hetch Hetchy nínú ọgbà ìjọba Yosemite ńkọ́? Ṣé ọwọ́ tiwọn mọ́ ni?

Ọmọ Ọbòkun: Omi òkè gidi wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìsun omi Olúmirìn ò béèrè ìpín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí.

Màmá Máyọ̀ (Ilé-Ifẹ̀): Ẹ kú àárọ̀ láti ilé. Mẹ́rúwà ò tíì dé títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ń rojọ́ yìnyín.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ ò bá wá pọnmi ní kànga wa ní Iléṣà, Màmá.

Bọ̀dá Ìlódè: Èyí tó máa ń gbẹ lóṣù Kejì yẹn?